Píkọ́ọ̀pù onítọ́bò fún iṣẹ́ ní Abuja: ṣé kí n rà á, àbí kí n dúró ti Hilux bẹntiróòlù?

ỌmọKabba_Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ni mo ń gbé. Táìlì àti páìpù ni mo ń kó láti Dei-Dei lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Gwagwalada, Kuje àti Lugbe. Bí ọdún bá sì dé, màá gba Lokoja lọ sílé ní Kabba. Hilux 2.7 (ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lítà 2.7) tí mo ń lò ti darúgbó. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo fẹ́ ra tòkunbọ̀ mìíràn.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé gbogbo èyí tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń fi hàn mí, tí ọdún rẹ̀ bá ti sún mọ́ wa díẹ̀, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tipátipá wọ ẹ́ńjìnnì, ló wà nínú rẹ̀. F-150, tọ́bò. Tundra 2022, tọ́bò. Tacoma 2024, tọ́bò. Èyí tó ń lo V8 (silíńdà mẹ́jọ) tẹ́lẹ̀ ti di V6 (mẹ́fà), èyí tó ń lo V6 ti di silíńdà mẹ́rin. Wọ́n tún ní nọ́sù rẹ̀, ẹnu tó ń fọ́n epo, kò sí lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ mọ́, pé inú silíńdà gan-an ló ń fọ́n epo sí. Mẹkáníìkì mi ní kí n má dán an wò, epo wa ò gbà á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀rù lásán ni, pé Hilux dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn NGO ń gbé káàkiri Maiduguri, ṣé kì í ṣe tọ́bò ló wà nínú rẹ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti lò ó tàbí tó ti tú u rí ni kó dá mi lóhùn. Owó ọjà ni mo fẹ́ fi rà á.

Mẹkáníìkì_Apo

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́, mẹkáníìkì rẹ náà ò sì parọ́. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú wọn ń sọ.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Hilux D-4D ti ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì tààrà sínú silíńdà, tòun ti tọ́bò, ó sì ń jẹ eruku Borno bọ̀ láìkáàárẹ̀. Torí náà tọ́bò kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Bẹntiróòlù ni nǹkan yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, bẹntiróòlù sì ní ìwà tirẹ̀.

Wo Hilux 2.7 tó wà lọ́wọ́ rẹ. Nọ́sù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ̀yìn fáàfù ló ń fọ́n epo sí, agbára tó fi ń fọ́n ọn ò sì ju bar 3 tàbí 4 lọ. Epo àti afẹ́fẹ́ á wá jọ wọ silíńdà. Nínú èyí tó dé báyìí, pọ́ńpù kejì wà lórí ẹ́ńjìnnì, kamṣáàfù ló ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ti epo dé bar 200, ti àwọn mìíràn dé 350, inú silíńdà ni nọ́sù sì ń fọ́n ọn sí. Bí epo yẹn ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó ń fa ìgbóná kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n náà wà. Tọ́bò dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tipátipá ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá sì ti kì mọ́lẹ̀ máa ń gbóná. Tó bá gbóná jù, epo á gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á nọ́kì. Epo tó ń wọlé tààrà ló ń mú un tutù. Láìsí i, wọn ò lè ki afẹ́fẹ́ tó báyẹn sínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kékeré kó má fọ́.

Ohun tó lé àwọn Amẹ́ríkà débẹ̀ ni òfin ìjọba wọn lórí bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ epo jẹ. Ní 1975 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn ọ̀wọ́n epo ọdún 1973, wọ́n sì fún un le gidigidi lẹ́yìn 2010. Ford gbé 3.5 EcoBoost, orúkọ tó fún ẹ́ńjìnnì onítọ́bò rẹ̀, sínú F-150 ti 2011. Chevrolet fi silíńdà mẹ́rin 2.7 sínú Silverado ti 2019. Toyota yọ V8 5.7 kúrò nínú Tundra ní 2022, ó fi V6 3.4 olótọ́bò méjì rọ́pò rẹ̀. Hp (agbára ẹṣin) rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, láti 381 sí 389 ni. Agbára ìfà rẹ̀ ni kí o wò: 401 lb-ft di 479.

Ti Tacoma tiẹ̀ yéni jù. V6 3.5 àtijọ́ ní hp 278, tuntun 2.4 onítọ́bò náà 278 ni. Ṣùgbọ́n ìfà V6 yẹn jẹ́ 265, ó sì di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tó 4,600 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó pé. Ti onítọ́bò jẹ́ 317, ní 1,700 ló ti pé. Ẹni tó bá di ẹrù táìlì gun òkè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Jos_Òkè

Mo fi ọwọ́ sí ti òkè yẹn. Jos níbí ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sí òkun, afẹ́fẹ́ ibí fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò máa ń pàdánù bí ìdá mẹ́wàá agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó débí. Tó bá ń bọ̀ láti Akwanga pẹ̀lú ẹrù, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ké. Tọ́bò ń ki afẹ́fẹ́ dípò èyí tó dín kù, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun ń gun òkè. Ní ti Abuja, kò tó nǹkan tó yẹ kéèyàn torí rẹ̀ yí ọkàn padà.

ỌmọKabba_Kubwa

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi ní Apo. Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n ti epo ńkọ́? Ibẹ̀ ni mẹkáníìkì mi dúró sí.

Bàbá_Kaduna

Yàrá àyẹ̀wò epo ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Kaduna títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí, torí àṣìgbọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Octane ni mo ń sọ, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí epo ṣe lè dúró tó kí ẹ́ńjìnnì má nọ́kì. Ẹ máa ń rí 87 lẹ́nu táńkì ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ ó tún gbọ́ pé epo tiwa jẹ́ 91, ẹ ó wá rò pé tiwa ló ga jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Ìdánwò méjì ló wà, RON àti MON. RON nìkan ni ìlànà Nàìjíríà fi ń ka 91. Àwọn ti Amẹ́ríkà ń ro RON àti MON pọ̀, wọ́n á wá pín in sí méjì. 87 tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 91 tiwa dọ́gba. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n bá kọ 87 sí lè mu epo wa, bí epo náà bá pé ìlànà. Èyí tí wọ́n bá kọ 91 tàbí 93 ti Amẹ́ríkà sí, RON 95 sókè ló ń wá, ẹ ò sì ní rí i rà ní ilé epo ẹ̀bá ọ̀nà. Ó lè máa rìn o, ṣùgbọ́n brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) á máa mú kí iná pulọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó má bàa nọ́kì, agbára tí ẹ sanwó fún ò ní pé. Tí ooru oṣù kẹrin bá wá dé, tí ooru Sokoto àti Maiduguri ń kọjá dígírì 40, ẹ ó rí i pé ó fà sẹ́yìn ju ti ìgbà òjò lọ.

Ohun tó wọ inú epo lójú ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù ju nọ́ńbà lọ. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ kọjá ìlànà nínú epo kan tí wọ́n kó wọlé, tí gbogbo Abuja fi tò sórí ìlà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra. Pọ́ńpù tó ń ti epo dé bar 200 yìí kò sì ní gírísì kankan ju epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ. Bí omi bá rọ́pò epo níbẹ̀, irin á máa ha irin. Ibi tí Hilux 2.7 yóò ti gbọ̀n díẹ̀ tí ara rẹ̀ á tún balẹ̀ ni pọ́ńpù yìí á ti kú. Mẹkáníìkì rẹ mọ ohun tó ń sọ, ọmọ mi.

ÌyáOlóko_Zaria

Ẹ ṣé Bàbá. Ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí wa lóko. F-150 2013 la ní, 3.5 EcoBoost, òun ló ń fa tírélà tó ń kó àgbàdo láti Soba wọ Zaria. Ilé epo kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ta epo olómi fún dírẹ́bà wa lẹ́yìn òjò alagbára kan. Hilux tó ra epo níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kàn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ ni. A fa táńkì rẹ̀ gbẹ, a pààrọ̀ fíltà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ti F-150, pọ́ńpù rẹ̀ lọ, nọ́sù méjì bá a lọ. Owó ajílẹ̀ wa fún gbogbo oko ata ló wọ̀ ọ́.

Mo sì tún fẹ́ràn ọkọ̀ náà o, kí n sọ òótọ́. Nǹkan tó ń fà, Hilux ò lè fà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti èédú, torí àwọn oníṣòwò kì í sọ ọ́. Nígbà tí nọ́sù ń fọ́n epo sẹ́yìn fáàfù, epo yẹn ló ń fọ fáàfù náà. Nínú ọkọ̀ bíi tiwa, tí epo ò gba ibẹ̀ kọjá rárá, kò sí ohun tó ń fọ̀ ọ́ mọ́. Èéfín ọ́ìlì tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń dá padà sọ́nà afẹ́fẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ fáàfù, ooru á yan án, á di èédú. Ẹ ò ní mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó kù díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú, á máa mu epo, agbára rẹ̀ á dín kù, pulọ́ọ̀gì tuntun ò ní yí i padà. Gbogbo oògùn inú ike kékeré tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ nọ́sù, inú táńkì lẹ ó dà á sí, inú silíńdà ló ń lọ. Kò ní fojú kan ẹ̀yìn fáàfù yẹn láéláé. Àfi kí wọ́n tú ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ ha á, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n èèpo àsálà lílọ̀ sí i bí wọ́n ti ń ṣe lókè òkun. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ó ti ṣe é rí kí ẹ tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rà á tán.

Mẹkáníìkì_Apo

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo fẹ́ fi èyí kún un, torí òun ni màá fi yan ọkọ̀ bí mo bá wà ní ipò ọmọ Kabba yìí.

Ford fúnra rẹ̀ rí èédú yẹn. Láti 2017, 3.5 EcoBoost ní nọ́sù oríṣi méjì: ọ̀kan nínú silíńdà, ọ̀kan lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́. 2.7 tẹ̀lé e ní 2018. Toyota ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, D-4S ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú Tacoma V6 láti 2016, ó sì wà nínú Tundra onítọ́bò àti Tacoma 2024. Tí ẹrù bá fúyẹ́, nọ́sù ìta á fọ́n epo, á fọ fáàfù. Tí iṣẹ́ bá le, ti inú á gbà á. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí o bi oníṣòwò ni pé: nọ́sù mélòó ló wà lórí silíńdà kọ̀ọ̀kan? F-150 onítọ́bò tó wà láàárín 2011 sí 2016, tí wọn ò ní ìwé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, èmi ò ní fọwọ́ sí i kí ọmọ ìyá mi rà á.

Nọ́sù méjì ò gba pọ́ńpù lọ́wọ́ omi o. Ìyẹn dọwọ́ ibi tí o ti ń ra epo. Mú ilé epo kan tàbí méjì tó ń tà dáadáa, má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì, má sì jẹ́ kí táńkì gbẹ dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni omi máa ń sùn sí.

Awakọ̀_Lokoja

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Apo wà ní gbogbo ìyànà. Ojú ọ̀nà ni mo ń jẹ. Bí Hilux 2.7 bá kú fún mi láàárín Abaji àti Koton Karfe, ọmọ tó wà lábẹ́ igi mọ̀ ọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Bí onítọ́bò yìí bá tan iná check engine, brain box á dín agbára kù, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ìgbín, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń ṣe é láìní skáánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú brain box. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa: àwọn ọ̀nà kan wà lókè níbí, Birnin Gwari, àti àwọn ibì kan lójú ọ̀nà Kaduna, tí kì í ṣe ibi téèyàn á dúró de skáánà. Èmi ò ní fi owó mi ra ohun tí mi ò lè túnṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mẹkáníìkì_Apo

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá yín jiyàn. Ẹni tó ń gba Birnin Gwari, Hilux 2.7 ni kó lọ rà, kò gbọdọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kubwa sí Gwagwalada ni ti ọmọ yìí, ó yàtọ̀.

Houston_Ilé

Ẹ kú ilé o. Mo máa ń bá àwọn ará ilé ra ọkọ̀ ní gbàǹjo níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Tundra 2022 àti 2023: ní oṣù karùn-ún 2024, Toyota pe nǹkan bíi 102,000 Tundra àti Lexus LX padà nítorí ìdọ̀tí irin tó ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì látilé iṣẹ́. Ó lè ba bearing tó gbé kránkì dúró jẹ́, ẹ́ńjìnnì á kú lórí eré. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lè gba gbàǹjo dé Cotonou, kẹ́ ẹ sì rí i ní Abuja tó ń dán gbinrin.

Ẹ má torí ẹ̀ sọ pé tọ́bò ló jẹ̀bi. Ní oṣù kẹrin 2025, GM, tó ń ṣe Chevrolet, náà pe nǹkan bíi 600,000 ọkọ̀ tó ní V8 6.2 padà ní Amẹ́ríkà nítorí kránkì àti bearing. V8 yẹn ò ní tọ́bò. Ram ńkọ́? Wọ́n yọ V8 Hemi 5.7 kúrò nínú Ram 1500 ti 2025, wọ́n fi silíńdà mẹ́fà 3.0 olótọ́bò méjì rọ́pò rẹ̀. Àwọn oníbàárà kọ̀, wọ́n dá Hemi padà sínú ti 2026. Iyèméjì tó wà lọ́kàn yín ní Abuja wà lọ́kàn àwọn èèyàn níbí náà.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ gba VIN, nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ lọ sí nhtsa.gov, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ fún yín bí ìpadàpè kan bá wà tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ tún wo abẹ́ ọkọ̀ dáadáa. Èyí tó ti gbé ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà yìnyín, ṣáṣì rẹ̀ lè ti jẹrà.

Rewáyà_Kano

Kókó kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn: CNG, gáàsì tí ọkọ̀ ń lò dípò bẹntiróòlù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan di ₦537 l'Abuja, tó tún wá kọjá ₦1,000 ní 2024, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò ó láti yí ọkọ̀ wọn sí gáàsì. Sabon Gari níbí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí.

Hilux 2.7 rọrùn láti yí. Èyí tí nọ́sù rẹ̀ wà nínú silíńdà le. Ẹnu nọ́sù yẹn wà nínú iná, epo tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń mú un tutù. Bí ẹ bá yí sí gáàsì tí ẹ sì dá epo dúró pátápátá, nọ́sù á jóná síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wà, tó ń jẹ́ kí epo díẹ̀ ṣì máa kọjá, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju ti lásán lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé sìlíńdà gáàsì sínú ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní CNG lọ́kàn, kó tètè sọ fún ara rẹ̀ kó tó ra ọkọ̀.

ỌmọKabba_Kubwa

Mo ní in lọ́kàn o! Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Apo, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá pàpà ra onítọ́bò, báwo ni kí n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, irú ọ́ìlì wo sì ni?

Mẹkáníìkì_Apo

Ọ́ìlì kọ́kọ́, torí òun ló ń pa wọ́n jù lọ́wọ́ wa.

Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí ọ́ìlì ló ń léfòó. Ọ́ìlì tí wọ́n gbọ́n láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ike, tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, ikú ni fún un. Síńtẹ́tíìkì ni kó jẹ́, kó jẹ́ ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà kọ, kí o sì wá API SP, àmì ìpele ọ́ìlì, lára ike rẹ̀. Àìsàn kan wà tó jẹ́ ti àwọn ẹ́ńjìnnì yìí nìkan: bí o bá tẹ iná mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀kán ọ́ìlì tó dà pọ̀ mọ́ epo lè gbiná ṣáájú pulọ́ọ̀gì, pístìn á fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú àwọn èròjà tó wà nínú ọ́ìlì àtijọ́ wà lára ohun tó ń fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé SN Plus jáde ní 2018, tí SP sì tẹ̀lé e ní 2020. Bí o bá di ẹrù, lo ipò tow tàbí sport kí gíà má tètè gòkè.

Má wo ìwé Amẹ́ríkà tó ní kí o pààrọ̀ ọ́ìlì ní máìlì 10,000. Ìwé yẹn kan náà ní kó dín kù bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ nínú eruku tàbí tó ń fa ẹrù. Ìwọ nìyẹn. Kìlómítà 5,000 ni kí o pààrọ̀ rẹ̀. Bí o bá fa gage (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) jáde, gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, epo ti ń sá wọ inú ọ́ìlì, má dúró de 5,000. Bí o bá ti gun òkè tàbí sáré púpọ̀, má pa á lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kó sinmi lórí iná díẹ̀ kí ọ́ìlì inú tọ́bò má bàa jóná mọ́ ọ̀pá. Fíltà afẹ́fẹ́, nígbà ọyẹ́, máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Eruku tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fíltà kọjá ń jẹ abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Omi ẹ̀rọ lásán ò gbọdọ̀ wọ ráàdíétọ̀ rẹ̀, kúláàǹtì ni.

Ní ti àyẹ̀wò, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù bí o bá débẹ̀. Fọwọ́ kàn án. Bí oníṣòwò bá ti tan án sílẹ̀ kí o tó dé, ó lè ní ohun tó ń fi pa mọ́. Tan án, fetí sí i bí ṣéènì bá ń dún níwájú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, EcoBoost àtijọ́ máa ń ní in. Wo ẹ́sọ́ọ̀sì bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde. Pa á, tú rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ wọ tọ́bò, di ọ̀pá rẹ̀ mú, mì í. Bí ó bá mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò burú. Bí abẹ̀bẹ̀ bá kan ògiri, má rà á. Wo inú páìpù intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù), ọ́ìlì tín-ín-tín ò ṣe nǹkan, bí ó bá kún, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, so skáánà mọ́ ọn, kì í ṣe láti ka àṣìṣe nìkan, torí wọ́n lè ti pa á rẹ́. Wo pressure epo nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Bí brain box bá ń béèrè bar 200 tí pọ́ńpù sì ń mú 150 wá, o ti mọ ohun tí o fẹ́ fi owó rà.

ỌmọKabba_Kubwa

Ẹ kú àdúrótì. Ó jọ pé mo ti mọ ibi tí mò ń lọ. Tacoma 2019 kan wà ní Gudu, double cab 4x4, V6 3.5, kò ní tọ́bò, ó ní nọ́sù méjèèjì. Mo rò pé àárín méjèèjì nìyẹn.

ÌyáOlóko_Zaria

Ọmọ mi, dúró díẹ̀. Táìlì lo ní o ń kó. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wa ti ń wò látàárọ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ìwúwo.

Sítíkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn dírẹ́bà lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ó ní àwọ̀ ìyeyè. Ó kọ iye ìwúwo tí ọkọ̀ náà lè gbé, èèyàn àti ẹrù pa pọ̀. Ọ̀pọ̀ Tacoma double cab 4x4 ti ọdún yẹn wà láàárín kílò 450 sí 600. Hilux tí o ń lò ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, torí fún iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é. Tacoma, ọkọ̀ ilé àti ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á lọ́hùn-ún. Páálí kan ti táìlì 60 x 60 tó nǹkan bíi kílò 30. Yọ ìwọ̀n ara rẹ àti ti ọmọ tó ń bá ọ já ẹrù kúrò, ó lè má ju páálí méjìlá lọ kí sípíríǹgì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Ìwọ náà mọ iye tó o máa ń kó.

Mẹkáníìkì_Apo

Àh, Màmá, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Òótọ́ ni. Sípíríǹgì Tacoma tí wọ́n ti fi kó búlọ́ọ̀kù tẹ́, mo ń rí wọn ní Apo níbí.

ỌmọKabba_Kubwa

Páálí ogójì ni mo máa ń kó lẹ́ẹ̀kan nígbà mìíràn, Màmá. Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ gbà mí. Ó ti ku Hilux 2.7 mìíràn, tàbí F-150 2018 kan tí mo rí ní Kugbo, 3.5 onítọ́bò, oní nọ́sù méjì. Mo ti ránṣẹ́ sí oníṣòwò náà kó ya sítíkà ìlẹ̀kùn yẹn àti VIN ránṣẹ́ sí mi.

ÌyáOlóko_Zaria

Ó dáa. Èyí tí ó bá kọ ni kí o gbà, má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. F-150 méjì tí ọdún wọn dọ́gba lè yàtọ̀ síra gan-an. Àti pé páálí ogójì ju agbára Hilux náà lọ, máa pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì.

Mẹkáníìkì_Apo

Bí VIN bá dé, fún ará Houston kó bá wa tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá mọ́, sọ fún oníṣòwò pé Sátidé ni à ń bọ̀, láàárọ̀ kùtù, kí ó má sì tan ẹ́ńjìnnì kí n tó dé. Skáánà mi ni n ó gbé dání.